Ta Ni Yóò Ru Igbá Délé?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ n'Íbàdàn, lórí ìgò, abọ́ àti àpò tí a lè lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti ilé ìwé wá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ sì kú ọjà, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín, ìdí àtẹ ló ti gba ibí wá. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a fi ń gbé ọjà délé. Ọjà fúnra rẹ̀ kọ́ o. Ohun tí a rọ ọjà sí ni: ìgò, abọ́, agolo, kẹ́ẹ̀gì, àpò, àti ọ̀rá tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní láílọ́ọ̀nù. Kí ló dé tí ẹnì kan máa ń dá ìgò kan padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, tí ẹni yẹn kan náà á sì ju òmíràn sí gọ́tà bó bá ṣe ń mu ohun inú ẹ̀ tán? Ìbéèrè yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, n kò sì gbà pé ìwà burúkú ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yìn káńtà ni mo dàgbà sí. Màmá mi ń ta ẹlẹ́rìndòdò àti bíà ní Òkè-Àdó níhìn-ín, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ìgò. Kíréètì ẹlẹ́rìndòdò ń gba ìgò 24, ti bíà ń gba 12. Bí o bá fẹ́ mu ún níbẹ̀, wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá mu ún tán, wàá gbé ìgò lé káńtà. Bí o bá fẹ́ gbé e lọ, o ní láti mú ìgò òfìfo wá tàbí kí o fi owó ìgò sílẹ̀. Àwọn tí màmá mi mọ̀ dáadáa kì í fowó sílẹ̀, ara ògiri ni orúkọ wọn ń lọ. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ ọ́. "Ìyá Ìbejì", ó fa igi mẹ́ta sí i. "Télọ̀", igi méjì. Bí ìgò kan bá ti padà, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu igi kan kúrò.

Ẹ wá wo bó ṣe ń gba ìgò náà. Á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò yí ẹnu ìgò po láì wò ó, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ibi tó bá ti ṣẹ́ ló ń wá, torí ìgò tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣẹ́, dépò kò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á wo ìdí rẹ̀, á wá nà án sí mi: "Gbóòórùn ẹ̀ wò." Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Bó bá ń run kẹrosíìnì, onítọ̀hún á gbé ìgò rẹ̀ padà sílé ni, ì báà jẹ́ àlùfáà. Kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Gbogbo àdúgbò mọ òfin ìgò.

Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn pé àyíká ni wọ́n ń tọ́jú. Owó wọn ni wọ́n ń tọ́jú, àti ojú màmá mi. Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí ìgò tó dé rárá: ìdógò. Ènìyàn á fi nǹkan dógò kí ọkàn ẹni tó ni nǹkan lè balẹ̀. Owó ìgò, ìdógò ni. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri, ìdógò ni pẹ̀lú. Ojú rere àti orúkọ ẹni ni wọ́n fi dógò níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n máa ń pa òwe yìí sí: ẹni tó bá jẹ oúnjẹ tán tí kò ṣẹ́kù fún ọmọdé, kò ní rí ọmọdé bá a gbé igbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Oúnjẹ ti tán, igbá ṣì wà nílẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ rù ú. Níbi gbogbo tí mo ti rí i tí ìlò abọ́ àlòtúnlò fìdí múlẹ̀, ẹnì kan wà tó mọ̀ pé òun ni yóò ru igbá délé, ẹrù náà kò sì wúwo jù fún un. Níbi tó ti dojú dé, ńṣe ni kálukú ń wojú ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgò yẹn dáadáa. Oṣù kẹfà ọdún 1949 ni Star kọ́kọ́ jáde ní ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries n'Ígànmú, l'Ékòó, láti ìgbà náà ni irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ láàrin ilé iṣẹ́ àti ilé wa. Bó bá padà délé iṣẹ́, ẹ̀rọ á rì í sínú omi gbígbóná tí wọ́n po sódà kọ́ọ́sítíìkì mọ́, á fọ̀ ọ́ nínú lóde, á ṣí bébà ara rẹ̀ kúrò. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á rọ ọtí sí i, wọ́n á dé e. Ẹnu mélòó ló ti kan ìgò náà kó tó kan tìrẹ? O ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Síbẹ̀, n kò rí ẹnikẹ́ni rí nínú ṣọ́ọ̀bù wa tó béèrè. Ìdérí onírin pẹlẹbẹ yẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ojú wa ni wọ́n ti ṣí i, etí wa ló gbọ́ "pọ́ọ̀", a mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án láti ilé iṣẹ́.

Ẹ fi ìyẹn wé ife olómi tútù. Àwọn ẹgbẹ́ mi rántí omi tí wọ́n ń gbé kiri ìdíkọ̀ nínú korobá, pẹ̀lú ife kan ṣoṣo. Ife yẹn ni awakọ̀ mu, òun ni ọlọ́mọ mu, òun ni aláìsàn mu. À ń mu ún nítorí òùngbẹ, àyà wa sì ń já. Nígbà tí omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń fọwọ́ so lẹ́nu dé, tí píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC sì tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1990, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là wá lọ́yẹ̀. A pa ife yẹn tì, a kò bojú wẹ̀yìn. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀mí ẹni kò ṣeé fi ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ ká padà sídìí ohun tí ẹlòmíràn ti lò, kó kọ́kọ́ sọ fún wa ta ló fọ̀ ọ́, kí ló fi fọ̀ ọ́, àti ohun tí ojú wa máa rí tí a ó fi mọ̀ pé ó mọ́. Bí kò bá ti rí ìyẹn sọ, a ó máa gbé ọ̀rá ni.

Kẹ́ni kẹ́ni má sì sọ fún yín pé nǹkan òkèèrè ni àlòtúnlò. Ẹ wo àtẹ yín. Kí ni dẹ́ríkà tí ẹ fi ń wọn ìrẹsì? Agolo tòmátò ni, orúkọ tòmátò náà ló di orúkọ òṣùwọ̀n. Agolo mílíìkì ń wọn gàrí. Ìgò bíà ni òṣùwọ̀n epo pupa àti òróró, inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni alẹ́pà ń kó ẹ̀pà sí. Ìyá alágbo á bi ọ́ léèrè ìgò kó tó ṣí ìkòkò. Kẹ́ẹ̀gì ìyeyè tó gbé òróró wá láti ilé iṣẹ́, ilé mélòó ló ń fi í pọnmi títí dòní? Ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè sọ ọ́ nù, àwa la sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí gbogbo ọjà fọkàn tán.

Kí ló wá dé? Ike dé. Ìgò oníke kò béèrè owó ìgò, kì í fọ́ nínú dánfó, o lè dé e padà kí o mu ìyókù lọ́la. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń sọ pé oníbàárà ló yàn án. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Màmá mi ló kọ́kọ́ yọ̀ nígbà tí ike dé. Ẹ wò ó: owó rẹ̀ tó há sínú kíréètì àti ìgò òfìfo máa ń ju owó ọtí inú wọn lọ nígbà mìíràn. Bí òfìfo kò bá pé, kò sí ọjà, torí dépò kò ní já ọtí fún un. Ìgò tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò, òun ló gbé e. Ìgò tí ayálégbé kan gbé sá lọ nígbà tó ń kó kúrò ládùúgbò, òun ló gbé e. Òun ló ń ru igbá gbogbo Òkè-Àdó délé, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó aláàárù fún un. Ilé iṣẹ́ ń jèrè ìgò tó padà, oníbàárà ń gba owó rẹ̀ padà, ẹni tó wà láàrin wọn ni ẹ̀yìn ń dùn. Bí ẹrù bá ti wúwo lórí ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tó bá rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, á sọ̀ ọ́ ni.

L'Ékòó, ní oṣù kìíní ọdún 2024, Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí a ń pè ní tékàwéè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, òfin tún mú ife, ṣíbí àti ìfàmu oníke àlòsọnù, àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn. Mo fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Gọ́tà Èkó ti jìyà tó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí lọ́dọ̀ àwọn onírẹsì ni pé fóòmù lọ, ike tó nípọn jù ú lọ díẹ̀ gba ipò rẹ̀, owó rẹ̀ bọ́ sórí oníbàárà, òun náà sì ń lọ sí gọ́tà. Òfin ti sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ lò. Ta ni yóò ru igbá, ìyẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo gbé àpò àǹkárá tí mo fọwọ́ ara mi rán lọ sí ilé ìtajà ńlá kan. Ẹ̀ṣọ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, ẹ fi báàgì yín sílẹ̀ síbí." Ó fún mi ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí. Mo wọlé, mo ṣa ọjà, mo dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń gbowó, kí n tó lanu ó ti ń kó ìrẹsì àti ọṣẹ mi sínú ọ̀rá. Ọ̀rá mẹ́ta. Mo ní, "Ọmọ mi, mo mú àpò wá, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi." Ó wojú mi, kò mọ èsì tó máa fọ̀, ó ní "Ẹ má bínú, mà." Mo gbé ọ̀rá mẹ́ta dání jáde lọ gba àpò òfìfo mi lẹ́nu ọ̀nà.

Olè ni wọ́n ń sá fún, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ wo bọ́rọ̀ náà ṣe rí. A máa ń ní oníbàárà kò tíì gba àlòtúnlò. Oníbàárà ti gbà á, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè so àpò náà lẹ́nu pẹ̀lú okùn ike kan kí n tó wọlé, kí wọ́n tú u nígbà tí mo bá ń sanwó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá wọn lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ mi tán, ó dúpẹ́, kò sí ohun tó yí padà.

Orílẹ̀-èdè tó kọ́ mi ní púpọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Jámánì. Ìgò bíà tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n sì tún ń rọ bíà sí, sẹ́ǹtì 8 ni ìdógò rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgò omi àti ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ sẹ́ǹtì 15. Ìgò gíláàsì kan lè lọ kó bọ̀ tó ìgbà 50. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2003 ni òfin ti fi ìdógò lé ike àti agolo àlòsọnù náà lórí, ó sì jẹ́ sẹ́ǹtì 25 lónìí. Ẹ̀rọ kan wà nínú àwọn ilé ìtajà, wàá ti ìgò bọ ihò rẹ̀, á kà á, á já rìsíìtì fún ọ, wàá fi rìsíìtì náà ra búrẹ́dì. Ohun tó jọ mí lójú kì í ṣe ẹ̀rọ. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló pawọ́ pọ̀ ń lo irú ìgò kan náà, tó fi jẹ́ pé èyí tí o rà níhìn-ín, o lè dá a padà sí ìlú mìíràn, ẹni tó bá sì ń ta irú rẹ̀ ni yóò gbà á. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, igbá mọ ẹni tó ń rù ú.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì, torí àwọn tó ń yin Jámánì kì í sábà sọ ọ́. Nígbà tí òfin 2003 jáde, èrò wọn ni pé ìgò àlòtúnlò ló máa pọ̀ sí i. Ìyẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Ike àlòsọnù ló ń pọ̀ sí i. Òfin wọn ní kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun mímu wà nínú ìgò àlòtúnlò, síbẹ̀ wọn kò tíì dé ìdajì. Ẹ̀rọ kan náà ló ń gba méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń pe ìdógò méjèèjì. Oníbàárà á ti ìgò rẹ̀ bọ inú ihò, á gba rìsíìtì, á rò pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, èkejì ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ògiri. Ìwà oníbàárà dára, ó dá nǹkan padà bó ti yẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ kó mọ ìyàtọ̀. Ní 2023 òfin mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé ilé oúnjẹ tó bá ń di oúnjẹ fún ènìyàn gbọ́dọ̀ ní abọ́ àlòtúnlò nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n yọ àwọn kéékèèké sílẹ̀. Àwọn tó ń béèrè fún un kò pọ̀. Abọ́ àlòsọnù, tí kò dìgbà tí wọ́n bá béèrè, ló ti wà lórí káńtà nígbà tí wọ́n wọlé, tí ebi ń pa wọ́n.

Ní Ireland, sẹ́ǹtì 15 ni wọ́n fi lé ọ̀rá kan lórí ní oṣù kẹta ọdún 2002. Ọ̀rá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dún já wálẹ̀ láti nǹkan bí 328 sí 21. England tẹ̀lé wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 2015 pẹ̀lú péńsì 5, ó di 10 ní 2021, ọ̀rá tín-ín-rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú àwọn ilé ìtajà ńlá. Inú mi dùn sí i títí mo fi lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Peckham, ní London. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ ibi ìfọwọ́ láti wá ọṣẹ, àpò oníke nínípọn ya lé mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ yà ra ẹ̀fọ́ tí kò sì mú àpò dání ló ń ra tuntun. Òun nìkan kọ́. Greenpeace àti EIA, àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2019: irú àpò bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé ìtajà tà lé ní bílíọ̀nù kan àbọ̀, bí 57 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àpò tí wọ́n ṣe kó tọ́jọ́ di àlòsọnù tó nípọn.

Kí a má sì fi àbúrò mi ṣe ẹni à ń bá wí nìkan, ẹ lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tiyín. Àpò tí wọ́n tẹ àwòrán ìyá àádọ́rin ọdún sí, ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ. Abọ́ onídèérí, korobá, kúlà. Àwa Yorùbá kì í lọ òde ká bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní 2011, Environment Agency ti England gbé ìwádìí jáde pé àpò òwú kan, ó di ìgbà 131 tí a bá lò ó kí ìpalára tó ṣe fún ojú ọjọ́ tó kéré sí ti ọ̀rá tín-ín-rín tí a lò lẹ́ẹ̀kan péré. Òwú ń gba ilẹ̀, omi àti iná kó tó di àpò. Nítorí náà, àpò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò tíì ṣe ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Abọ́ kò wọ́n wa nílẹ̀ yìí. Bí abọ́ ṣe máa ti ilé jáde lọ sọ́jà lówùúrọ̀ ló ṣòro.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú sì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ilé tí kì í rán ọmọ pẹ̀lú abọ́ lọ ra ẹ̀wà tàbí ògì. Abọ́ máa ń ti ilé bọ́ sí ilé. Màmá mi kì í dá ti aládùúgbò padà lófìfo, iyọ̀ díẹ̀ á wà níbẹ̀, tàbí ọsàn méjì. Lónìí, ẹni tó bá gbé abọ́ lọ sọ́dọ̀ alámàlà, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí kò rówó tékàwéè. Ẹni tó gbé abọ́ lọ òde ìnáwó, ọ̀jẹun ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ń gbé jọ́lọ́ọ̀fù bọ̀ nínú ọ̀rá. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín gbé ìgò omi onírin wá síbí, èyí tó ń mú omi tutù títí di alẹ́. Olówó iyebíye ni, kò sì sí ẹni tó ń tijú rẹ̀ nínú yín. Ohun kan náà ni pẹ̀lú abọ́ ìyá yín: a fi ń gba nǹkan, a fọ̀ ọ́, a tún fi gba nǹkan. Orúkọ tí a fún ọ̀kan ló gbé e ga. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé abọ́ náà lọ sọ́dọ̀ alámàlà pẹ̀lú orí sókè bẹ́ẹ̀.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cardiff dán nǹkan wò lórí ife kọfí. Bí wọ́n bá dín owó kù fún ẹni tó mú ife tirẹ̀ wá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì wọ́n. Bí wọ́n bá fi owó lé ife àlòsọnù lórí, nígbà náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ife wá. Ó yé mi. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni máa ń dunni ju èyí tí wọ́n dín fún ẹni lọ. Nítorí náà, bí ilé ìtajà bá bi mí, màá ní kí wọ́n máa ta ọ̀rá, kí wọ́n sì kọ owó rẹ̀ sórí rìsíìtì lọ́tọ̀ kí ojú rí i. Ṣùgbọ́n ní ọjà tiwa, mo rò pé a ní nǹkan kan tí ìwádìí wọn kò kàn, ìyẹn ni ènì. Ènì yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó. Orí owó ni ẹ̀dínwó wà, ojúkojú ni ènì. Ọlọ́jà á bu ọjà tó o sanwó fún tán, á tún na ọwọ́ sínú ọpọ́n, á bu díẹ̀ lé e, ìwọ náà á mọ̀ pé òun rí ọ. Oníbàárà máa ń rìn kọjá àtẹ mẹ́wàá nítorí ènì. Bí a bá ní ẹni tó mú abọ́ wá ló ni ènì ńkọ́?

Ohun kan ṣoṣo ló kù kí n tó gba ìbéèrè. Àwọn kan máa ń bú ẹni tó ń ra sásẹ́ẹ̀tì: mílíìkì sásẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ ìfọṣọ sásẹ́ẹ̀tì. Ẹ yéé bú wọn. Owó òòjọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, ohun tó bá a mu ni wọ́n rà. Ní Santiago, olú ìlú Chile, ọ̀dọ́kùnrin kan, José Manuel Moller, rí i pé ẹni tó ń ra nǹkan ní díẹ̀díẹ̀ ló ń san jù lórí ìwọ̀n kan náà, ó sì dá ilé iṣẹ́ Algramo sílẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "ní gíráàmù". Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké àdúgbò, o gbé ike rẹ lọ, o ra ìwọ̀nba tí owó rẹ ká, ní iye kan náà tí olówó fi ń rà á. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe alépo tó gbé àgbá epo ka iwájú, tó ń wọn án fún ọ nípa ìgò? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta òróró, ẹ mọ iṣẹ́ yìí jù wọ́n lọ. Kí ló wá dé tí òróró ọgọ́rùn-ún méjì náírà fi ń wà nínú ọ̀rá tí a so lẹ́nu báyìí?

Nígbà tí mo dákẹ́, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, àǹtí. Ẹ ní kí n gba abọ́ wọn. Bí abọ́ ọ̀hún bá dọ̀tí, tí inú run oníbàárà lálẹ́, ṣé abọ́ ẹ̀ ló máa bú ni àbí ẹ̀wà mi?" Gbogbo ilé pariwo, "Ẹ̀wà yín ni!"

Òótọ́ ló sọ, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Mà, bí màmá mi ṣe ń dá ìgò kẹrosíìnì padà ni kí ẹ máa dá abọ́ tó bá dọ̀tí padà, ẹ má ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Kí ṣíbí yín má kan abọ́ wọn, òkè ni kí ẹ ti máa dà á. Ṣíbí yín ṣáà ni òṣùwọ̀n yín, bó ti wù kí abọ́ náà tóbi tó." Ó ní ìyẹn kò ṣòro, òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó máa ń gbé kúlà wá láàárọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò iye tí òun fi ń ra ọ̀rá lọ́sẹ̀, ti funfun àti ti dúdú tó ń fi bò ó, àwọn tó jókòó tì í ń bá a kà á. Ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó kà á tán. Ó bi mí bóyá odindi ṣíbí kan ni ènì tí mo ń wí.

Mo ní, "Ẹ̀wà yín ni, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Ó ronú sí i. Ó ní ìdajì ṣíbí ni, àmọ́ òun á da ata lé e, ọjọ́ Mọ́ńdè ni òun á sì bẹ̀rẹ̀.